Sísọ̀ kalẹ̀ òkè lórí kẹ̀kẹ́: Bí ara ṣe gbọ́dọ̀ wà, àti bí wọ́n ṣe ń kápá kẹ̀kẹ́

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé gígun òkè ni iṣẹ́, pé sísọ̀ kalẹ̀ kì í ṣe nǹkan kan. Èrò yìí lè tọ̀nà fún ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ rìn, ṣùgbọ́n ní ti ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Bí kẹ̀kẹ́ bá ń gun òkè, tí agbára ẹni tó gùn ún bá tán, kẹ̀kẹ́ yóò dúró ni, onítọ̀hún yóò sì fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀. Bí ó bá ń sọ̀ kalẹ̀ ńkọ́, tó sì bọ́ mọ́ olúwarẹ̀ lọ́wọ́? Kò ní dúró. Ńṣe ni yóò máa sáré sí i títí tí yóò fi pàdé ohun tí yóò dá a dúró, ohun náà sì lè jẹ́ igi, ó lè jẹ́ àpáta.

Lára àwọn eré ìdárayá tí wọ́n ń fi kẹ̀kẹ́ ṣe lágbàáyé, ọ̀kan wà tó jẹ́ pé sísọ̀ kalẹ̀ yìí nìkan ni wọ́n ń díje lé lórí. Orí òkè ni wọ́n ti ń gbéra, ìsàlẹ̀ òkè ni wọ́n ń parí rẹ̀ sí, ọ̀nà tí wọ́n sì ń gbà kún fún òkúta, gbòǹgbò igi, ẹrẹ̀ àti kòtò. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń tú àwọn olùdíje sílẹ̀, aago ni wọ́n sì fi ń mọ ẹni tó yára jù. UCI, ìyẹn àjọ tó ń rí sí eré kẹ̀kẹ́ lágbàáyé, là á sílẹ̀ nínú òfin rẹ̀ pé ọ̀nà ìdíje náà kò gbọ́dọ̀ dín ní 1,500 mítà, kò sì gbọ́dọ̀ ju 3,500 mítà lọ, kí àkókò tí wọ́n yóò lò sì wà láàrin ìṣẹ́jú 2 sí ìṣẹ́jú 5. Nínú ìṣẹ́jú díẹ̀ yìí, kì í ṣe agbára ẹsẹ̀ ló sábà máa ń ya ẹni tó borí sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó ṣubú. Bí ara ṣe wà lórí kẹ̀kẹ́ ni.

Ibi tí eré náà ti bẹ̀rẹ̀

Ní ọjọ́ 21, oṣù Kẹwàá, ọdún 1976, àwọn ọ̀dọ́ kan péjọ sí orí òkè kan nítòsí ìlú Fairfax, ní agbègbè Marin, ìpínlẹ̀ California, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Kẹ̀kẹ́ àtijọ́ ni wọ́n gùn, irú èyí tí wọ́n ti ṣe kí Ogun Àgbáyé Kejì tó bẹ́ sílẹ̀, tí táyà rẹ̀ tóbi, tí irin rẹ̀ sì wúwo. Bíréèkì ara wọn kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ fà. Pẹ́dà ni wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ padà sẹ́yìn kí ó tó mú, inú ọ̀pá ìdí táyà ẹ̀yìn ni bíréèkì náà sì wà.

Ọ̀nà náà gùn ju kìlómítà 3 lọ díẹ̀, ó sì sọ̀ kalẹ̀ tó nǹkan bíi 400 mítà. Kí wọ́n tó dé ìsàlẹ̀, bíréèkì yóò ti gbóná débi pé gíríìsì inú rẹ̀ yóò ti jó, tí èéfín yóò sì máa rú jáde. Dandan ni kí wọ́n tún gíríìsì mìíràn kì bọ inú rẹ̀ kí wọ́n tó lè gun kẹ̀kẹ́ náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ibi tí orúkọ ọ̀nà náà ti wá nìyẹn: Repack, tó túmọ̀ sí kí a tún nǹkan kì. Alan Bonds ló gbégbá orókè lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Charlie Kelly ló ń ṣètò ìdíje náà, Gary Fisher ló sì lo àkókò tó kéré jù lọ láàrin gbogbo wọn, ìṣẹ́jú 4 àti ìṣẹ́jú-àáyá 22. Joe Breeze, tí òun náà ń díje níbẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe kẹ̀kẹ́ tuntun tó bá òkè mu ní ọdún 1977.

Ọdún 1990 ni UCI ṣe ìdíje àgbáyé àkọ́kọ́ fún kẹ̀kẹ́ orí òkè, ní ìlú Durango, ìpínlẹ̀ Colorado. Greg Herbold ọmọ Amẹ́ríkà ló borí láàrin àwọn ọkùnrin tó díje nínú sísọ̀ kalẹ̀, Cindy Devine ọmọ Kánádà ló sì borí láàrin àwọn obìnrin. Ní ọdún 1993 ni ìdíje Ife Àgbáyé ti sísọ̀ kalẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà yẹn ni kẹ̀kẹ́ ti ń yí padà, tí ìmọ̀ nípa bí ara ṣe gbọ́dọ̀ wà lórí rẹ̀ náà sì ń jinlẹ̀ sí i.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí kẹ̀kẹ́ bá dorí kọ ìsàlẹ̀

Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹni tó jókòó sórí kẹ̀kẹ́ kò ní láti ronú nípa ìwọ̀n ara rẹ̀. Ìjókòó ló gbé púpọ̀ nínú rẹ̀, táyà ẹ̀yìn ló sì ru ìjókòó. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ bá dorí kọ ìsàlẹ̀, òòfà ilẹ̀ yóò máa fa ìwọ̀n yẹn síwájú. Bí olúwarẹ̀ bá tún fa bíréèkì, kẹ̀kẹ́ yóò máa dín ìyára kù, ṣùgbọ́n ara tó wà lórí rẹ̀ ṣì fẹ́ máa lọ. Ìwọ̀n náà yóò tún sún síwájú sí i. Bí táyà iwájú bá wá kọ lu òkúta tàbí tó wọ kòtò lákòókò yìí, kẹ̀kẹ́ lè dorí kodò, kí ó sì gbé ẹni tó gùn ún gba orí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ jù sílẹ̀.

Ìyẹn ni ọ̀nà ìṣubú tí gbogbo èèyàn mọ̀, òun ni wọ́n sì ń bẹ̀rù. Ọ̀nà kejì wà tí ọ̀pọ̀ kò fura sí. Táyà iwájú ló ń darí kẹ̀kẹ́, kò sì lè darí rẹ̀ àfi bí ìwọ̀n tó pọ̀ tó bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí ìwọ̀n orí rẹ̀ bá kéré jù, kò ní di ilẹ̀ mú. Bó bá dé kọ́nà, yóò yọ̀ lọ lábẹ́ ẹni tó gùn ún, onítọ̀hún yóò sì ti wà nílẹ̀ kí ó tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, iṣẹ́ ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ ni láti máa fi ara rẹ̀ wá ibi tí táyà méjèèjì yóò ti máa di ilẹ̀ mú, bí ilẹ̀ tilẹ̀ ń yí padà ní gbogbo ìgbà.

Ìdúró

Ìdúró tí gbogbo ìdúró yòókù ti jáde kò ṣòroó ṣàlàyé. Ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ yóò dìde kúrò lórí ìjókòó, yóò sì dúró lórí pẹ́dà. Pẹ́dà méjèèjì yóò wà lọ́gbọọgba, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, nítorí pé èyí tó bá wà nísàlẹ̀ lè kọ lu òkúta tàbí kùkùté. Gìgísẹ̀ yóò rẹlẹ̀ díẹ̀ ju ọmọ ìka ẹsẹ̀ lọ. Orúnkún yóò tẹ̀ díẹ̀, kò ní le gbagidi, wọn yóò sì ya ara wọn sílẹ̀ kí kẹ̀kẹ́ lè ráyè yí láàrin wọn.

Ìbàdí ni a ti ń tẹ̀, kì í ṣe ọrùn, kì í sì í ṣe àárín ẹ̀yìn. Ẹni tó bá ti rí bí wọ́n ṣe ń fi ìgbálẹ̀ gbá àgbàlá láàárọ̀ mọ ìdúró yìí dáadáa: ẹ̀yìn nà gbọọrọ, ìdí lọ sẹ́yìn, àyà rẹlẹ̀, orúnkún sì rọ̀. Ohun tó yàtọ̀ ni ti apá. Ìgúnpá méjèèjì yóò tẹ̀, wọn yóò sì yọ síta, bí ìgbà tí èèyàn ń la àárín èrò kọjá lọ́jà. Àgbọ̀n yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní ọ̀kánkán òkè ọwọ́ kẹ̀kẹ́.

Ìdí tí gbogbo oríkèé ara fi gbọ́dọ̀ tẹ̀ ni pé ara ló ń gba ìjayà ọ̀nà. Apá tó nà gbagidi kò ní ibi tí yóò nà sí mọ́ bí ilẹ̀ bá já lójijì níwájú. Orúnkún tó le kò lè gba òkúta mọ́ra. Yóò gbé gbogbo ìjayà náà lọ sí ẹ̀yìn àti orí.

Ọwọ́ ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ara wà níbi tó yẹ. Bí ọwọ́ bá ń fa ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mọ́ra, ara ti lọ sẹ́yìn jù. Bí ó bá ń tì í síwájú, tí àtẹ́lẹwọ́ ń ro olúwarẹ̀, ara ti wá síwájú jù. Bí ọwọ́ bá fúyẹ́, tí ẹsẹ̀ sì wúwo lórí pẹ́dà, ara ti wà ní àyè rẹ̀ nìyẹn. Àwọn àgbà máa ń sọ pé kí ojú má ríbi, ẹsẹ̀ loògùn ẹ̀. Sísá ni wọ́n sábà máa ń fi òwe yìí pè, ṣùgbọ́n ó bá ti kẹ̀kẹ́ mu pẹ̀lú: ẹsẹ̀ ló ń ru ẹrù, ọwọ́ kàn ń darí ni.

Àṣìṣe sísá sẹ́yìn

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìmọ̀ràn tí wọ́n ń fún ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ ni pé kí ó sún ara rẹ̀ sẹ́yìn, kí ìdí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan táyà ẹ̀yìn. Ìmọ̀ràn náà ní ìdí tirẹ̀. Kẹ̀kẹ́ àtijọ́ kúrú, ìjókòó rẹ̀ ga, fọ́ọ̀kì iwájú rẹ̀ sì dúró gangan, ìdí nìyẹn tó fi ń tètè dorí kodò. Kẹ̀kẹ́ òde òní gùn ju ìyẹn lọ, ìjókòó rẹ̀ rẹlẹ̀, fọ́ọ̀kì rẹ̀ sì nà síwájú, débi pé táyà iwájú ti jìnnà sí ara.

Ẹni tó bá sá sẹ́yìn jù lórí irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ ti gbé ìwọ̀n kúrò lórí táyà tó ń darí rẹ̀. Apá rẹ̀ yóò nà tán, bí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ bá sì sọ̀ lójijì, yóò fa òun náà síwájú tipátipá. Ohun tó ń sá fún gan-an ni yóò bá a. Lóòótọ́, bí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà bá ṣe ga tó ni ìbàdí yóò ṣe lọ sẹ́yìn tó, ṣùgbọ́n àyà gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀, apá kò sì gbọ́dọ̀ nà tán. Bí ilẹ̀ bá ti tẹ́jú díẹ̀, ara gbọ́dọ̀ padà sí àárín kíá.

Ojú

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí, ojú náà sì ni ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ fi ń ṣọ́ ara rẹ̀. Ibi tí ojú bá lẹ̀ mọ́ ni orí ń yí sí, èjìká a tẹ̀lé orí, ọwọ́ a sì tẹ̀lé èjìká. Ìdí nìyí tí ẹni tó bá tẹjú mọ́ òkúta kan nítorí ìbẹ̀rù fi sábà máa ń lọ kọ lu òkúta náà gan-an. Ọ̀nà tó fẹ́ gbà ló yẹ kí ó máa wò, kì í ṣe ohun tí kò fẹ́ kàn.

Ó tún yẹ kí ojú ṣáájú táyà. Ẹni tó ń wo iwájú táyà rẹ̀ gan-an ń wo ohun tí kò lè yà fún mọ́, nítorí kẹ̀kẹ́ yóò ti dé ibẹ̀ kí ọwọ́ tó gbọ́ ohun tí ojú rí. Bí kẹ̀kẹ́ bá ṣe ń yára sí i ni ojú yóò ṣe máa jìnnà sí i. Àwọn ọ̀jẹ̀ nínú eré yìí a máa fi ẹsẹ̀ rin gbogbo ọ̀nà ìdíje kí wọ́n tó gun kẹ̀kẹ́ lórí rẹ̀. Wọn a máa dúró níbi gbòǹgbò àti òkúta kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè yan ibi tí táyà yóò gbà. Nígbà tí wọ́n bá wá ń sáré, ojú wọn kò wá ọ̀nà mọ́. Ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ló ń rí.

Bíréèkì

Ọ̀pọ̀ ẹni tó kọ́ kẹ̀kẹ́ ní kékeré ni wọ́n ti kìlọ̀ fún pé kí ó má ṣe fọwọ́ kan bíréèkì iwájú, pé yóò gbé e ṣubú. Ìkìlọ̀ yìí kò pé. Nítorí pé ìwọ̀n ń sún síwájú nígbà tí a bá fa bíréèkì, táyà iwájú ló ń tẹ ilẹ̀ jù lákòókò náà, òun ló sì lágbára jù láti dá kẹ̀kẹ́ dúró. Ẹni tó bá fi ti ẹ̀yìn nìkan sọ̀ kalẹ̀ òkè tó ga kò ní dúró bọ̀rọ̀. Ńṣe ni táyà ẹ̀yìn yóò máa yọ̀ tuuru tẹ̀lé e. Fífà á lójijì, pẹ̀lú apá tó le àti ara tó wà lókè, ló ń mú kí bíréèkì iwájú gbé èèyàn ṣubú. Bí wọ́n bá rọra fà á, tí wọ́n sì ń fi kún un díẹ̀díẹ̀, tí gìgísẹ̀ rẹlẹ̀ tó sì ń ti pẹ́dà síwájú, kẹ̀kẹ́ yóò gbọ́ràn.

Ìka kan ṣoṣo, èyí tó tẹ̀lé àtàǹpàkò, ló tó láti fa bíréèkì òde òní tó ń lo òróró àti irin róbótó pẹlẹbẹ. Ìka yòókù yóò di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú. Kí èèyàn tó gbéra, ó gbọ́dọ̀ mọ èyí tí ọwọ́ kọ̀ọ̀kan ń fà, nítorí kì í rí bákan náà níbi gbogbo. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọwọ́ ọ̀tún ló sábà máa ń fa ti iwájú. Ní Amẹ́ríkà, ọwọ́ òsì ni.

Táyà tó ń yí ló ń di ilẹ̀ mú. Èyí tó bá ti dúró gbagidi ń yọ̀ ni, bó bá sì jẹ́ ti iwájú, kò lè darí kẹ̀kẹ́ mọ́. Nítorí náà, wọ́n máa ń fa bíréèkì débi tí táyà yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró, ṣùgbọ́n tí kò ní dúró. Ibi tí wọ́n ti ń fà á náà ṣe pàtàkì. Ibi tó tọ́, tí ilẹ̀ rẹ̀ sì le, ni wọ́n ti ń dín ìyára kù, kí wọ́n tó dé kọ́nà tàbí orí gbòǹgbò. Bí wọ́n bá ti dé orí rẹ̀, wọn yóò tú bíréèkì sílẹ̀ kí táyà lè yí lọ fàlàlà.

Ẹni tí ẹ̀rù ń bà sábà máa ń fa bíréèkì díẹ̀díẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ láì tú u sílẹ̀. Èyí ń mú kí bíréèkì gbóná, tí agbára rẹ̀ yóò sì dín kù, gẹ́gẹ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ sí àwọn ará Fairfax. Ó tún ń jẹ́ kí iṣan apá le débi pé ìka kò ní gbọ́ràn mọ́. Ọ̀nà ìdíje Fort William ní Skọ́tlándì, tó gùn tó kìlómítà 2.8, tó sì sọ̀ kalẹ̀ ní 555 mítà, gbajúmọ̀ fún bó ṣe ń dá apá lóró. Fífa bíréèkì ṣinṣin fún ìgbà díẹ̀, kí a sì tú u sílẹ̀ pátápátá, sàn ju kí ó máa wọ́ lọ.

Kọ́nà

Nínú kọ́nà, kẹ̀kẹ́ ló yẹ kí ó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ jù, ara kò ní tẹ̀ tó o. Bí kọ́nà bá yà sí òsì, ọwọ́ òsì yóò ti ọwọ́ kẹ̀kẹ́ sísàlẹ̀, ìgúnpá ọ̀tún yóò sì gbé sókè. Ara yóò dúró lókè ibi tí táyà ti kan ilẹ̀, kí ìwọ̀n rẹ̀ lè máa tẹ etí táyà wọ inú erùpẹ̀. Bí ilẹ̀ kọ́nà náà bá tẹ́jú, tó sì ń yọ̀, ẹsẹ̀ òde, ìyẹn ẹsẹ̀ ọ̀tún níhìn-ín, yóò sọ̀ sísàlẹ̀, ìwọ̀n ara yóò sì wà lórí rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé wọ́n ti fi erùpẹ̀ mọ ògiri sí ẹ̀gbẹ́ òde kọ́nà, pẹ́dà lè wà lọ́gbọọgba, nítorí ògiri náà yóò gbé kẹ̀kẹ́ dúró.

Ìdodo àti èjìká yóò dojú kọ ibi tí kọ́nà ti jáde, kì í ṣe ibi tó ti wọlé. Wọ́n ń wọlé láti ẹ̀gbẹ́ òde, wọ́n ń sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ inú láàárín, wọ́n sì ń padà sí ẹ̀gbẹ́ òde bí wọ́n ṣe ń jáde. Bí kọ́nà ṣe ń fẹ̀ sí i nìyẹn, tí ìyára kò sì ní já. Ẹni tó bá yára wọlé jù yóò ní láti fa bíréèkì láàárín kọ́nà, níbi tí táyà ti ní iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú.

Gbòǹgbò, òkúta àti ibi tí ilẹ̀ ti já

Gbòǹgbò tí òjò ti rọ̀ sí lára ń yọ̀ bí ọṣẹ. Bí táyà bá gùn ún ní ìbùú, tí gbòǹgbò àti táyà fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú kọ ibì kan náà, yóò yọ̀ lọ. Wọ́n máa ń dábùú rẹ̀ ni, kí táyà gbà á lókè tààrà, láì fa bíréèkì, láì yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Ara yóò fúyẹ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá yẹn, bí ẹni tó fẹ́ fò ṣùgbọ́n tí kò fò, kí kẹ̀kẹ́ lè kọjá lábẹ́ rẹ̀.

Níbi tí òkúta pọ̀ sí, ìyára tó mọ níwọ̀n a máa ṣèrànwọ́. Kẹ̀kẹ́ tó ń lọ gbẹ́rẹ́gbẹ́rẹ́ ń ṣubú sínú gbogbo àlàfo tó wà láàrin òkúta, nígbà tí èyí tó ń yára ń ré orí wọn kọjá. Ọwọ́ kò gbọ́dọ̀ fún ọwọ́ kẹ̀kẹ́ pọ̀ jù, nítorí kẹ̀kẹ́ yóò mì láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì, ó sì yẹ kí wọ́n gbà fún un kí ó mì. Ara ló gbọ́dọ̀ dúró jẹ́ẹ́.

Bí ilẹ̀ bá ṣe gúlegùle, àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe a máa ti kẹ̀kẹ́ wọ inú kòtò pẹ̀lú ẹsẹ̀ àti apá bó ṣe ń sọ̀, wọn a sì ká ẹsẹ̀ àti apá kò bó ṣe ń gun ebè tó tẹ̀lé e. Èyí ń fún kẹ̀kẹ́ ní ìyára láì wa pẹ́dà rárá.

Ní ti ibi tí ilẹ̀ ti já bí àtẹ̀gùn, àyà yóò rẹlẹ̀ kí wọ́n tó dé etí rẹ̀. Bí táyà iwájú ṣe ń sọ̀, apá yóò máa nà tẹ̀lé e, ìbàdí yóò sì dúró sí òkè pẹ́dà. Bí táyà ẹ̀yìn bá ti sọ̀ tán, apá yóò tún tẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ kò gbọ́dọ̀ sọ̀ níbi tí kò tíì fi ẹsẹ̀ rìn wò. Kò sí ìtìjú nínú kí èèyàn sọ̀ kúrò lórí kẹ̀kẹ́, kí ó sì tì í kọjá.

Kẹ̀kẹ́ àti ohun ìdáàbòbò

Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń lò fún ìdíje yìí ní ṣọ́ọ̀kù níwájú àti lẹ́yìn, tó lè rì tó nǹkan bíi 200 mìlímítà. Ìjókòó rẹ̀ máa ń rẹlẹ̀ gan-an kí ó má baà dí ìbàdí lọ́wọ́. Afẹ́fẹ́ inú táyà náà ní ìwọ̀n tirẹ̀: táyà tó le jù ń ta lórí òkúta bíi bọ́ọ̀lù, èyí tó rọ̀ jù sì ń jẹ́ kí òkúta lu irin rẹ̀, tó sì lè bẹ́.

Lójú òfin UCI, dandan ni àṣíborí tó bo gbogbo orí títí kan àgbọ̀n fún ẹni tó bá ń díje nínú sísọ̀ kalẹ̀. Awò ojú, ìbọ̀wọ́, àti ohun tó ń dáàbò bo orúnkún, ìgúnpá àti ẹ̀yìn náà wà lára ohun tí ọlọ́gbọ́n kì í fi sílẹ̀. Ọwọ́ ni èèyàn kọ́kọ́ máa ń nà jáde bó bá ń ṣubú, ìyẹn ni ọrùn ọwọ́ àti eegun èjìká fi máa ń kán lọ́pọ̀ ìgbà.

Àpẹẹrẹ mẹ́ta

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2011, ìdíje àgbáyé wáyé ní Champéry, lórílẹ̀-èdè Switzerland. Òjò rọ̀, ọ̀nà tó ga bí ògiri náà sì di ẹrẹ̀. Danny Hart, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí kò ju ẹni ọdún 19 lọ, fi ìṣẹ́jú-àáyá tó lé ní 11 ju ẹni tó ṣe ipò kejì lọ, nínú eré tó jẹ́ pé ìdá kan nínú ìṣẹ́jú-àáyá ló sábà máa ń ya wọ́n. Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń yọ̀ lábẹ́ rẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà. Kò bá a jà. Ó jẹ́ kí ó yọ̀, ara rẹ̀ sì wà láàárín.

Ní Leogang, lórílẹ̀-èdè Austria, ní ọdún 2015, ṣéènì Aaron Gwin ọmọ Amẹ́ríkà já bó ṣe ń gbéra nínú ìdíje Ife Àgbáyé. Kò lè wa pẹ́dà mọ́ títí dé ìsàlẹ̀. Ó fi títì kẹ̀kẹ́ wọ kòtò, dídín bíréèkì kù àti yíyan ọ̀nà gbé ìyára rẹ̀ ró, òun náà ló sì borí lọ́jọ́ yẹn.

Ẹnì kẹta ni Greg Minnaar, ọmọ ìlú Pietermaritzburg ní Gúúsù Áfríkà. Ó gba ìdíje àgbáyé ní ọdún 2003, ó tún gbà á ní 2012, ó sì gbà á ní ìlú tí wọ́n ti bí i lọ́mọ ní 2013. Nígbà tó gbà á lẹ́ẹ̀kẹrin ní Val di Sole, lórílẹ̀-èdè Ítálì, ní ọdún 2021, ẹni ọdún 39 ni, ọdún 18 lẹ́yìn ti àkọ́kọ́. Eré tó bá jẹ́ ti agbára ìgbà èwe nìkan kì í jẹ́ kí èèyàn pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lókè.

Bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ṣe lè bẹ̀rẹ̀

Orí ilẹ̀ tó tẹ́jú ni ẹ̀kọ́ náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Kí onítọ̀hún dìde lórí pẹ́dà, kí ó sì máa yí lọ láì jókòó, títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi fúyẹ́. Kí ó wá fi àmì sílẹ̀, kí ó sì máa gbìyànjú láti dúró níbẹ̀, pẹ̀lú bíréèkì ẹ̀yìn nìkan lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà pẹ̀lú ti iwájú nìkan ní ìyára tó kéré, lẹ́yìn náà pẹ̀lú méjèèjì. Yóò fojú ara rẹ̀ rí ìyàtọ̀ tó wà nínú bí wọ́n ṣe ń jìnnà tó. Lẹ́yìn èyí ni yóò wá gbé e lọ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kékeré tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú, kí ààyè lè wà láti yí lọ bí nǹkan bá ṣì.

Ohun kan náà ló kan ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ lásán lọ sí oko tàbí ibi iṣẹ́ ní ìlú olókè. Kí ó yẹ bíréèkì méjèèjì wò kí ó tó sọ̀, kí ó dín ìyára kù kí ó tó dé kọ́nà, kí ó dìde díẹ̀ kúrò lórí ìjókòó níbi tí ọ̀nà ti bàjẹ́, kí ó sì máa wo iwájú. Bí ẹrù bá wà lẹ́yìn rẹ̀, kí ó rántí pé ẹrù náà ń tì í lọ sísàlẹ̀, pé bíréèkì tó tó fún òun nìkan lè má tó fún àwọn méjèèjì. Bí òkè náà bá ga ju bó ṣe lè kápá kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ, kí ó sọ̀ kalẹ̀, kí ó sì fi ọwọ́ dì í mú títí yóò fi dé ìsàlẹ̀.